Alágbàfọ̀ àti Ajá Onílé

Nínú ilé tí a jọ ń gbé yìí, kò sí ẹni tó mọ́ tónítóní tó alágbàfọ̀. Ẹ bi mí, yàrá mi ló kọjú sí tirẹ̀. Òun náà wá ni yọ̀rọ̀ dojú kọ! Kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ń fò lára ajá, tó jẹ́ pé kéèyàn tó ní kóun tẹ̀ ẹ́ pa, ó ti bẹ́ lọ.

Ajá bàbá onílé ló kó wọn wá. Abẹ́ okùn tí alágbàfọ̀ ń sá aṣọ sí ló fi ṣe ibùsùn. Ọkùnrin náà lọ bẹ̀bẹ̀: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi so ajá yìí mọ́lẹ̀. Aṣọ ilé ìtura ló wà lọ́wọ́ mi, àwọn nìkan ló sì kù tó ń gbéṣẹ́ fún mi. Bí wọ́n bá rí kòkòrò kan péré nínú rẹ̀, mo gbé!"

"Ajá tèmi kẹ̀? Kò ní yọ̀rọ̀ o," ni bàbá wí. Ó ń họ ẹsẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Orí mi gbóná, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni.

Ni alágbàfọ̀ bá dáwọ́ lé e. Ó gbálẹ̀, ó gé koríko dé ìdí ògiri, ó wọ́n iyọ̀. Ó se ewé dóńgóyárò, ó dà á káàkiri àgbàlá. Yọ̀rọ̀ sinmi díẹ̀, wọ́n tún dé. Ó ra oògùn apakòkòrò, ó fín in títí gbogbo wa fi ń wúkọ́. Wọ́n tún dé.

"Ẹyin wọn tó wà nínú ilẹ̀ ló ń pa di yọ̀rọ̀ tuntun," ni ẹni tó ta oògùn fún un wí. "Tí ẹ ò bá sì tọ́jú ajá yẹn, ẹ kàn ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni."

Ni alágbàfọ̀ bá gbé ajá alájá sínú báàfù, ó ń fi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, ó ń fi ìyarun yà á lára.

Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ẹ ti di ìyá ajá ni?"

"Àǹtí, kí ni kí n ṣe?"

Ajá tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí! Ó kúrò lábẹ́ okùn, ó kó wá sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́. Tó bá lé e, a máa ju ìrù. Lọ́sàn-án, á rìn dé ààtàn lọ kó yọ̀rọ̀ tuntun. Tí ilẹ̀kùn bá ṣí báyìí, orí aṣọ ilé ìtura tí alágbàfọ̀ ti lọ̀ ló ń sùn sí.

Láàárọ̀ àná, ọkọ̀ ilé ìtura dé. Awakọ̀ kó ìdì aṣọ ibùsùn tí alágbàfọ̀ fọ̀ fún wọn padà wá, kò lè wo ojú alágbàfọ̀. "Yọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bu àlejò wa jẹ. Ẹ má bínú, wọ́n ní iṣẹ́ ti parí."

Bàbá onílé yọrí lójú fèrèsé: "Ṣé mo sọ! Yàrá rẹ ni yọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ lajá mi ti ń kó o!"

Igún ṣoore, igún pá lórí. Mo fẹ́ fèsì, ṣùgbọ́n tó bá lé mi jáde ńkọ́? Níbo ni mo fẹ́ kó ẹrù lọ?

Alágbàfọ̀ jókòó sórí ìdì aṣọ. Ajá wá, ó gbórí lé e lórúnkún. Ọkùnrin náà gbọ́wọ́ sókè. Mo ní yóò fọ́ ọ létí ni. Ká sòótọ́, mo fẹ́ kó fọ́ ọ. Ọwọ́ náà dúró lókè, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa yọ̀rọ̀ lára ajá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí aṣọ kankan lórí okùn.