Kẹ́tùlù Ìyá Ìjọ

Ẹ fa àga súnmọ́ mi, kí ẹ gbọ́. Ìyá Ìjọ wa ní Glenn Dale, lókè òkun níbí, kì í dúró kí yìnyín lọ. Inú páálí ẹyin lẹ́bàá fèrèsé ló ti ń gbin ewédú.

Lọ́jọ́ kan, ó fi kẹ́tùlù da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn tó kù nínú èyí tí ìyá rẹ̀ fún un. Èmi alàgbà ìjọ, mo lọgun: "Yéè! Ẹ ti pa á!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó ń sùn ni. A kì í rọra jí ọ̀lẹ."

Ó hù lóòótọ́! Ẹnu yà mí. Àmọ́ kí yìnyín tó yọ́ tán, Ìyá Ìjọ kú.

Ọmọbìnrin rẹ̀ tó bí síbí ló jogún ilé àti irúgbìn, èmi jogún kẹ́tùlù. Lọ́dọọdún, ọmọ á ní, "Dádì, ẹ dà á." Mo ṣì máa ń lọgun "Yéè!" kí n tó da omi gbígbóná náà lé irúgbìn.