Aṣọ Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ́

Ọjọ́ tí wọ́n dá Ìyá Ọlọ́sàn padà lẹ́nu ọ̀nà ìjọ tó ti ara rẹ̀ ṣẹ̀, èmi ni mo rán aṣọ tí wọ́n torí ẹ̀ dá a padà. Aṣọ náà sì dára. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn.

Ìjọba òyìnbó ṣì wà lórí àléfà nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ télọ̀ ni, mo wá gbé máṣíìnì mi síbì kan tó kọjú sí téṣàn rélùwéè ní Ifọ̀. Ìyá Ọlọ́sàn, opó kan tó ń bó ọsàn fún àwọn èrò ọkọ̀ ojú irin, ń tajà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Tí ọkọ̀ àárọ̀ bá ti lọ, á nu ọ̀bẹ rẹ̀, á ní, “Ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ ná.” Ẹni tó bá wà nítòsí á dìde. Á dárúkọ oore kan tó rí lánàá, àwa tó kù á ní “Àmín,” ó parí. Nígbà míì, ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ẹnì kan tó dá la máa dúpẹ́ fún. Onígbàgbọ́ ń ṣe é, Mùsùlùmí ń ṣe é. Èmi kì í fi ìrun mi ṣeré, síbẹ̀ mo máa ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ dúró tì wọ́n.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Màmá, ẹ̀sìn wo nìyí?”

Ó ní, “Ràfíù, ọpẹ́ ni. Ṣé ọpẹ́ náà lẹ́sìn ni?”

Bẹ́ẹ̀ là ń bá a lọ kí Bàbá Ṣódípọ̀ tó dá sí i. Akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì ni, èèyàn dáadáa sì ni. Nígbà tí àìsàn dá ìyàwó rẹ̀ wólẹ̀, abẹ́ igi yẹn ló ti rí ìtùnú. Ẹ̀rù ń bà á pé ọjọ́ tí Ìyá Ọlọ́sàn bá kú, ọpẹ́ náà á bá a lọ.

Ó ní, “Ohun tí ò lórúkọ, tí ò lólórí, kò lè rìn jìnnà. Ọkọ̀ ojú irin pàápàá ní awakọ̀, ó ní gáàdì.”

Ìyá Ọlọ́sàn ní, “Ẹ̀fọn ńkọ́, bàbá? Ta ni alága wọn? Kò sì síbi tí wọn ò dé.”

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ò dá bàbá dúró. Òun àtàwọn tó gbà fún un kọ́ àtíbàbà onípáànù, wọ́n sọ ìjọ náà ní Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ́, wọ́n mú Ọjọ́bọ̀, kó má baà di ti Jímọ́ọ̀ tàbí ti Àìkú. Wọ́n yan alága, ìyẹn Bàbá Ṣódípọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n yan igbákejì, akọ̀wé, alágogo, àti ẹni tó máa gbé agboòrùn alága. Oyè fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju èèyàn lọ. Jímọ̀, tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò ní téṣàn, ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, nítorí ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá èèyàn padà.

Ó wá kan aṣọ. Télọ̀ wo ló máa bá ìjọ tuntun jà? Ẹ̀wù funfun balẹ̀ ni wọ́n ní kí n rán. Alága ní kí n fi ìlà pupa mẹ́ta sọ́rùn tòun. Igbákejì ní méjì kéré sí òun, mẹ́ta sì ti di ti alága, kí n bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Mo rán méjì fún un, mo wá fi èyí tó tín-ín-rín bí ìrù eku lé e. Nígbà tí mo fẹ́ wọn Ìyá Ọlọ́sàn, ó gbá téèpù mi dànù. “Ẹ̀wù funfun àti omi ọsàn kì í ṣọ̀rẹ́, ọmọ mi.”

Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́ pé. Mo wà nínú àtíbàbà pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú, bí bọ́tìnnì ẹnì kan bá já. Ìyá Ọlọ́sàn dé nínú àdìrẹ rẹ̀.

Jímọ̀ ní, “Ẹ má bínú, mà. Aṣọ ńkọ́?”

“Èyí tó wà lára mi yìí ńkọ́?”

“Aṣọ ẹgbẹ́ ni mo ń wí, mà.”

“Jímọ̀, ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Mo bèèrè aṣọ lọ́wọ́ ẹ?”

Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni Jímọ̀, kò lè ti ìyá àgbà, kò sì lè jẹ́ kó wọlé. Ó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹnu ọ̀nà, ó fi gbogbo gígùn rẹ̀ dí i. Ó ń bẹ̀ ẹ́, ó sì ń dínà. Ìyá Ọlọ́sàn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó gba ìdí igi rẹ̀ lọ.

Nínú àtíbàbà, alága àti igbákejì ń jiyàn lórí ẹni tó máa ṣí ìpàdé. Akọ̀wé ka orúkọ olóyè, alágogo lu agogo, wọ́n tún un kà. Láti abẹ́ igi níta là ń gbọ́ ẹ̀rín àti “Àmín!” Ẹnì kan ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Kò padà. Òmíràn dìde, òun náà ń lọ tọ̀. Nígbà tó yá, igbákejì dìde. Jímọ̀ bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. “Bá mi mú un dání, Ràfíù. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí.”

Ó wá ku èmi àti alága. Bàbá Ṣódípọ̀ wo àga tó ṣófo, ó wò mí. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

“Télọ̀, ìtọ̀ ò gbọ̀n ẹ́?”

“Ó ń gbọ̀n mí díẹ̀, sà. Ẹ̀yin ńkọ́?”

“Èmi náà, ó ti ṣe díẹ̀.”

A jọ rìn lọ sábẹ́ igi. Ìyá Ọlọ́sàn sún fún un lórí àpótí rẹ̀. A ò tíì jókòó tán tí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, ni màmá bá fò dìde.

Ó ní, “Ẹ dìde o! Bàbá Ṣódípọ̀ kọ́lé fún wa, ẹ jókòó sínú òjò!”

Òun ló ṣáájú wa padà sínú àtíbàbà. Òjò ń lu páànù kíkankíkan, ó wá yíjú sí bàbá, ó ní kó dúpẹ́ tirẹ̀. Bàbá ní ìyàwó òun jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ yẹn, òun sì wò ó tó gbé e mì. “Àmín” wa bo ariwo òjò.

Àtíbàbà dúró, wọ́n ń lò ó nígbà òjò, oyè sì gbàgbé ara rẹ̀. Ìyá Ọlọ́sàn kú ní ọdún díẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà, wọ́n pè mí sí Mowé láti wá rán aṣọ ìyàwó. Bí mo ṣe gbé máṣíìnì mi kalẹ̀, àwọn tó ń lọ oko dúró yí ara wọn ká. Ọ̀kan ní ejò rékọjá òun lánàá, kò bu òun jẹ. Àwọn tó kù ní “Àmín.” Mo bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn. Wọ́n ní wọ́n rí i lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàfò. Ta ló wá kọ́ àwọn ará Ìbàfò? Wọn ò mọ̀. Mo fẹ́ dárúkọ Ìyá Ọlọ́sàn fún wọn, ṣùgbọ́n ojú ti yí sọ́dọ̀ mi.

Wọ́n ní, “Àlejò, tìrẹ ńkọ́?”

Mo ṣí fìlà, mo bẹ̀rẹ̀ ọpẹ́ tèmi.