Ọrùn Tí Jasmine Ò Yẹ̀ Wò

Ẹni tí ò bá tíì ki ọwọ́ bọ Lake Michigan lóṣù November, kó yáa sinmi ariwo, kó má sọ pé òun mọ òtútù. Omi yẹn kì í ṣe omi. Eyín ni. Á kọ́kọ́ bù ẹ́ jẹ, á dùn ẹ́ wọnú egungun. Tó bá yá, kò ní dùn ẹ́ mọ́. Ìgbà tí ò bá wá dùn ẹ́ mọ́ yẹn gan-an ni kó o bẹ̀rù.

Amatullah mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọmọ Calumet City ni, òun àti màmá ẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń ṣe tẹ́lẹ̀: gbé wọn sókè, gbé wọn sílẹ̀, yí wọn padà, títí ẹ̀yìn ẹ̀ fi fẹ́ já. Ọjọ́ kan báyìí ló ń rìn létí omi ní South Side, ló bá rí àwọn kan tí wọ́n ń yọrí látinú omi bí ẹja ńlá, obìnrin kan sì dúró lórí ọkọ̀, ó ń jágbe mọ́ wọn. Ojú Amatullah ò kúrò lára wọn mọ́.

Miss Shirley lobìnrin yẹn. Àgbàlagbà obìnrin dúdú, ọmọ South Shore pọ́ńbélé, òun ló ni ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń rì sábẹ́ omi ṣiṣẹ́. Wọ́n ń tú ṣéènì tí wọ́n fi ń so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń yẹ ìdí ọkọ̀ wò, wọ́n sì ń wá kọ́kọ́rọ́ àti fóònù àwọn olówó tó bá já sómi níbi tí wọ́n ti ń ya selfie. Amatullah lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́, ó yege, ó wọlé. Ẹ ò rí i, nínú omi, ẹ̀yìn ẹ̀ ò dùn ún. Nínú omi, kò sẹ́ni tó ń pè é pé kó wá gbé òun. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn débi pé ó ń fi í lálàá.

Orí aṣọ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

"Àdùfẹ́!"

Oríkì ẹ̀ nìyẹn. Bí màmá ẹ̀, Alhájà Salihat, bá ti fi oríkì pè é láàárọ̀ láìtíì mu tíì, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀.

"Kí lo sá sínú bathroom yìí?"

"Wetsuit ni, Mọ́mì. Aṣọ iṣẹ́ mi ni."

"Aṣọ? Èyí tó lẹ̀ mọ́ra bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí? Ẹni tó wọ èyí àtẹni tó wà níhòòhò, kí ló yàtọ̀ láàárín wọn?"

"Mọ́mì, inú omi ni mo máa ń wà. Ẹja nìkan ló ń rí mi."

"Ṣé ẹja ló ń wa ọkọ̀ gbé ẹ débẹ̀ ni?"

Nígbà tó jẹ́ pé Amatullah náà ò fẹ́ kí gbogbo ayé máa wo ìdí òun, ó dọ́gbọ́n sí i. Ó pààrọ̀ ẹ̀, ó gba wetsuit tó tóbi jù ú lọ dáadáa, tó ń ṣe bùà-bùà lára ẹ̀. Àmọ́ wetsuit kì í ṣiṣẹ́ báyẹn. Omi díẹ̀ ló yẹ kó wọnú ẹ̀, ara ẹ á mú omi náà lọ́ wọ́rọ́, aṣọ á sì há a mọ́bẹ̀. Tó bá ti tóbi, omi tó lọ́ wọ́rọ́ á sá jáde, omi tútù á tún wọlé. Ẹni tó tan heater tó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu ni. Nígbà summer, kò sí ìṣòro. Nígbà tó fi di October, eyín Amatullah ti ń lu ara wọn gbì-gbì-gbì lórí ọkọ̀, ètè ẹ̀ ti di búlúù, Miss Shirley sì ń wò ó.

Ìyá náà ò fa ọ̀rọ̀ gùn. "Láti oṣù tó ń bọ̀, kò sẹ́ni tó máa wọ wetsuit wọnú omi lọ́dọ̀ mi mọ́. Drysuit ni. Ẹni méjì péré ni mo sì ń fẹ́ fún winter. Jasmine ti gba ọ̀kan. Ìwọ àti Darnell lẹ máa du èkejì. Tẹ́ ẹ bá kọ́ ọ tán, Sátidé kan lóṣù November ni màá mọ ẹni tí màá mú."

Jasmine obìnrin, Darnell ọkùnrin, àwọn ni wọ́n jọ ń wọmi níbẹ̀. Tí wọn ò bá mú Amatullah, ó máa padà sídìí àwọn arúgbó nìyẹn, ẹ̀yìn ẹ̀ á sì padà sí bó ṣe wà.

Drysuit, ìyẹn yàtọ̀. Omi ò gbọdọ̀ kán sínú ẹ̀ rárá. Ó fẹ̀, ó bò ọ́ láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, o lè wọ aṣọ òtútù tó nípọn sábẹ́ ẹ̀, bọ́tìnnì kan sì wà láyà tó o fi ń da afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀. Nígbà tí Amatullah fi fọ́tò ẹ̀ han màmá ẹ̀, màmá rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn jọ aṣọ ọmọlúwàbí." Ó tún sún mọ́ fóònù. "Ọrùn ńkọ́?"

"Rọ́bà ló wà níbẹ̀. Òun ló ń dí omi. Lẹ́yìn ìyẹn la máa ń wọ fìlà rọ́bà bo orí."

"Kẹ́ ẹ tó wọ fìlà yẹn ńkọ́? Ọkùnrin ò sí lórí ọkọ̀ ni?"

Kò tó ọjọ́ mélòó kan tí màmá fi jókòó sídìí maṣíìnì, ó rán aṣọ kan fún ọmọ ẹ̀, ó fẹ́lẹ́, ó rọ̀, ó bo irun, ó bo ọrùn, ó sì sọ̀ kalẹ̀ dé àyà. Ó fi ìfẹ́ rán an. Amatullah wọ̀ ọ́, ó wo dígí, inú ẹ̀ dùn.

Miss Shirley sì ti sọ ọ́ o! Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní drysuit ló ti sọ ọ́: orí awọ ara gan-an ni rọ́bà ọrùn gbọ́dọ̀ wà. Irun ò gbọdọ̀ há síbẹ̀, ẹ̀gbà ọrùn ò gbọdọ̀ há síbẹ̀, òwú lásán ò gbọdọ̀ há síbẹ̀. Amatullah gbọ́. Àmọ́ nígbà tó gbé e wọ swimming pool pẹ̀lú aṣọ màmá lábẹ́ ẹ̀, omi ò wọlé tó bẹ́ẹ̀. Ó kàn rin díẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Ó ní òógùn ni. Èèyàn tó bá fẹ́ kí nǹkan rí bó ṣe fẹ́, kò sí irọ́ tí kò lè pa fún ara ẹ̀.

Òfin kejì tún wà. Kó o tó wọmi, ẹnì kejì ẹ gbọ́dọ̀ fi ìka yí ọrùn ẹ po, kó fọwọ́ mọ̀ pé kò sí ohun tó há síbẹ̀. Jasmine lẹnì kejì Amatullah. Èèyàn dáadáa ni, aláwàdà, ìyá ọmọ kan tó ń dá tọ́ ọmọ ẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó na ọwọ́ sọ́rùn Amatullah, ìyẹn fà sẹ́yìn.

"Ó wà dáadáa," Amatullah wí. "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi."

Jasmine gbé ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sókè. "Ah, my bad. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, àbí? Ó yé mi, sis."

Àtọjọ́ náà, ẹnu ló fi ń bi í. Amatullah á ní ó wà dáadáa. Ó parí.

Sátidé pé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bí ẹni tó ń bínú, yìnyín kéékèèké ń já lójú ọ̀run. Miss Shirley dúró létí ọkọ̀, ó fọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti búlúù tó wà lọ́rùn ẹ̀, ó kí Yemọja pẹ̀lú Yorùbá tó ń gba imú jáde, bó ṣe máa ń ṣe kẹ́nikẹ́ni tó wọmi. Amatullah ní tiẹ̀ ní Bísímílà.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti bá omi sọ̀rọ̀ tán," Jasmine wí, "ṣé èmi tí mi ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀ náà lè wọ̀ ọ́?"

Kódà Darnell tó jókòó sẹ́yìn, tó ń mu kọfí, tó ń retí kí Amatullah ṣàṣìṣe, rẹ́rìn-ín.

"Ọrùn?" Jasmine bèèrè.

"Ó wà dáadáa."

Wọ́n wọmi.

Iṣẹ́ ọ̀hún ò le. Ṣéènì kan ni wọ́n fẹ́ tú nísàlẹ̀, kí yìnyín tó bo omi. Jasmine di ṣéènì mú, Amatullah fi spanner yí nọ́ọ̀tì. Kò pẹ́ tó fi mọ nǹkan kan lẹ́yìn ọrùn. Tínrín. Bí èèrà. Èèrà náà rìn gba ẹ̀yìn ẹ̀ lọ, òmíràn tẹ̀ lé e, nígbà tó yá kì í ṣe èèrà mọ́. Omi yìnyín ń wọ́ gba aṣọ màmá wọnú, bí epo ṣe ń gun òwú àtùpà. Aṣọ òtútù tó wọ̀ sábẹ́ ti ń mu ún.

Ó yẹ kó júwọ́ sí Jasmine nígbà yẹn. Àtàǹpàkò sókè ni, ìyẹn ni "ẹ jẹ́ ká jáde." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ tí wọ́n bá jáde, Miss Shirley á bi í ibi tí omi ti wọlé, á ṣí i wò, Darnell á sì gbé kọfí ẹ̀ sílẹ̀, á ní ó yá. Ó sọ fún ara ẹ̀ pé nọ́ọ̀tì kan ló kù. Jasmine wò ó, ó fìka bi í pé ṣé kò sí nǹkan? Ó fìka dáhùn pé kò sí. Nígbà tó tún yá, Jasmine tún bi í. Ó tún parọ́.

Spanner bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó fẹ́ mú un, ìka ẹ̀ ò ká. Ó wo ọwọ́ ara ẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Ó ń rì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kan ẹrẹ̀, ó wá bọ́tìnnì afẹ́fẹ́ láyà, kò rí i, ó tún wá a, ó ń fi ọwọ́ gbá àyà ara ẹ̀ lásán. Kò tiẹ̀ tutù mọ́. Oorun ló ń kùn ún. Ohun tó rí kẹ́yìn nísàlẹ̀ yẹn ni ojú Jasmine nínú gíláàsì, tó là kalẹ̀ rangandan.

Jasmine gbá a mú, ó da afẹ́fẹ́ sínú aṣọ ara ẹ̀, ó fi gbogbo agbára gbé e. Bí wọ́n ṣe ń lọ sókè, afẹ́fẹ́ yẹn ń wú sí i, kò ráyè tú u dànù, ọwọ́ ẹ̀ ò gba méjì. Wọ́n ta lọ sókè bí kọ́ọ̀kì ìgò. Nígbà tí wọ́n fa àwọn méjèèjì sórí ọkọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń jáde létí Jasmine.

Wọ́n wé Amatullah ní blanket. Miss Shirley fúnra ẹ̀ ló tú fìlà rọ́bà lórí ẹ̀, ó fìka kan ọrùn ẹ̀, ó fa etí aṣọ kan jáde tó ń kán tó, tó, tó. Kò pariwo. Ìyẹn ló burú jù.

"Ta ló yẹ ọrùn ẹ̀ wò?"



"Èmi ni," Jasmine wí. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ etí. "Mo yẹ̀ ẹ́ wò, Miss Shirley."

"O yẹ̀ ẹ́ wò, o wá fi aṣọ odindi sílẹ̀ níbẹ̀? Jasmine, tó bá jẹ́ bó o ṣe ń yẹ ọrùn wò nìyí, mi ò lè fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni lé ẹ lọ́wọ́ mọ́. Mi ò lè mú ẹ fún winter."

Jasmine tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á tí kò fi sọ òtítọ́, àbí ó fẹ́ bo ọ̀rẹ́ ẹ̀? Amatullah ò mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé tóun bá dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ òun bọ́ sípò. Wọ́n á ní ẹnì kejì òun ló jẹ̀bi. Eyín ẹ̀ ń lu ara wọn, àmọ́ ó la ẹnu.

"Kò... kò yẹ̀ ẹ́ wò. N ò jẹ́ kó fọwọ́ kàn mí. Látọjọ́ tá a ti bẹ̀rẹ̀. Mo ń parọ́ fún un. Nísàlẹ̀ níbẹ̀ pàápàá, ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì, mo ní kò sí nǹkan."

Jasmine yíjú sí i. "O mọ̀ pé omi ń wọlé?"

"Mo mọ̀."

"O sì ní kò sí nǹkan! Mo rò pé mo ń bọ̀wọ̀ fún ẹ, Amatullah! Mo ní ọmọ nílé!"

Miss Shirley jókòó ti Amatullah. Ojú ẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́.

"Ṣé o rò pé ìborùn ẹ ló ń dà mí láàmú? Yàrá kékeré wà lẹ́yìn ọkọ̀ yìí. Ibẹ̀ ni ò bá ti wọṣọ, obìnrin á yẹ ọrùn ẹ wò, wàá ti de fìlà rọ́bà kó o tó jáde, ọkùnrin kankan ò ní rí awọ ara ẹ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló yẹ kó o bi mí. Ọ̀kan. Kí ló dé tó ò bi mí?"

Amatullah ò rò ó rí pé nǹkan tó ṣeé bèèrè ni.

"Darnell," Miss Shirley wí láìwẹ̀yìn, "ìwọ ni fún winter. Jasmine, lọ rí dókítà, tí etí ẹ bá san, o padà wá, àmọ́ kò sí ẹni tó máa fẹnu yẹ ọrùn wò lọ́dọ̀ mi mọ́. Ìwọ, Amatullah, lọ sílé. Mi ò mọ nǹkan tí màá sọ fún ẹ ní spring. Má fi dá ara ẹ lójú."

Jasmine ló máa ń fi mọ́tò gbé Amatullah délé. Ìyẹn rò pé tòní ti bà jẹ́, àmọ́ Jasmine kàn ní "Wọlé," bí ẹni tó ń bá ajá sọ̀rọ̀. Wọ́n jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà ní awọ inú etí Jasmine ló ya, pé kó má sún mọ́ omi fúngbà díẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Calumet City, heater ń fẹ́ gbuuru. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ilé, Jasmine ò pa mọ́tò.

"Mọ́mì ẹ ló rán aṣọ yẹn, àbí?"

"Òun ni."

"Kí lo máa sọ fún un?"

Amatullah wo fèrèsé ilé. Iná pálọ̀ wà ní títàn. Tó bá sọ ọ́ bó ṣe rí, màmá á gbà pé ọwọ́ òun lòun fi fẹ́ẹ̀ pa ọmọ òun. Tó bá sì gbé irọ́ míì kalẹ̀, òun náà mọ bí irọ́ ṣe ń wọ́ gba ẹ̀yìn ọrùn.

"Etí ẹ ńkọ́?" ló fi dáhùn.

"Ó ń dùn mí. Sọ̀kalẹ̀."

Ó sọ̀kalẹ̀. Kò tíì kan ilẹ̀kùn tí màmá fi ṣí i, hìjáábù ìrun ṣì wà lórí ẹ̀, ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú.

"Àdùfẹ́ mi! Ṣé wọ́n ti mú ẹ?"

"Ẹ kú ilé, Mọ́mì." Ó kúnlẹ̀ kí i. "Wọn ò mú mi. Ẹ jẹ́ ká jókòó ná. Ẹ̀mí mi fẹ́ẹ̀ bọ́ lónìí, mo dẹ̀ fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún yín, gbogbo ẹ̀."