Táyà Tó Ń Yí Lásán

Lánàá, òórùn ọ́ìlì gíà ta sí mi nímú ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní Ṣáléńjì, ọkàn mi sì bàjẹ́.

Ó rán mi létí ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Bàbá mi ń fi píkọ́ọ̀pù wọn, tó máa ń rùn fún ọ́ìlì gíà, gbé ìyá mi tó ń rọbí lọ sílé ìwòsàn, ni a bá rì sínú ẹrẹ̀ nítòsí Ẹlẹ́yẹlé. Táyà kan níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn ń yí lásán, wọ́n ń da ẹrẹ̀ sókè. Àwọn yòókù ò mira. Mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń pàtẹ́wọ́.

“Má sùn o, jọ̀ọ́,” ni bàbá mi ń bẹ ìyá mi, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ gbẹ́ ẹrẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn, ó ti rẹ̀ wọ́n,” ni mo wí.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé lọ́ọ̀kù tó ń mú kí táyà iwájú méjèèjì jọ yí ti bàjẹ́ tipẹ́, bàbá mi sì mọ̀.

Nígbà tí àwọn èèyàn fi máa tì wá jáde, ìyá mi ti dákẹ́. Mo bọ́ súwẹ́tà mi, mo fi bo ẹsẹ̀ wọn, kí òtútù má bàa mú wọn.