Akíndúró Àti Ìgbálẹ̀ Mojọlá

Akíndúró ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ló ń ṣe ní èbúté Warri. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ọdún kejì òmìnira ni wọ́n gbé e wá láti Èkó. Ìyàwó rẹ̀ dúró ti àwọn ọmọ lọ́hùn-ún.

Ohun kan ń bà á lẹ́rù láyé. Bàbá rẹ̀ gbéraga títí ó fi kú. Ènìyàn mẹ́fà péré ló sin ín. Akíndúró kò fẹ́ kú irú ikú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Yorùbá wàásù lórí ìrẹ̀lẹ̀, bí Jésù ṣe bẹ̀rẹ̀ tó fọ ẹsẹ̀ àwọn tó ń tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

Ní Sátidé, aago mẹ́fà àárọ̀, ó wọ ṣòkòtò pénpé, ó mú ìgbálẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbálẹ̀. Ó nu bẹ́ǹṣì méjìlélógún. Ó ń nu èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́ nígbà tí Mojọlá dé.

Opó ni Mojọlá, ará Ìlàjẹ, ẹja ló ń yan tà ní Ugborikoko, lẹ́bàá Warri. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì náà ní gbogbo Sátidé. Kò sẹ́ni tó rán an, kò sì sẹ́ni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀, ó wo ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

"Ẹ ṣé, ìyá. Ẹ máa lọ sinmi. Láti òní lọ, èmi ni màá máa gbá a."

Oore ló rò pé òun ṣe. Obìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó yí padà, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Olúbọ̀dé tó jẹ́ Bàbá Ìjọ dìde láàárín ìsìn. "Ẹ wo ọ̀gá ìjọba tó ń gbálẹ̀ fún wa!" Ìjọ pàtẹ́wọ́. Akíndúró dorí kodò, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ yẹn dùn mọ́ ọn dé eegun.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fi gbálẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ló tó kíyè sí i pé Mojọlá kò jókòó síbi tó máa ń jókòó sí mọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ugborikoko. Ó bá a níbi tó ti ń yí ẹja padà lórí iná.

"Ìyá, a ò rí yín ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí ni kí n wá ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ wá gbàdúrà."

Mojọlá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ọ̀gá, àdúrà rọrùn lẹ́nu yín. Ọjọ́ tí omi gbé ọmọ mi lọ, tèmi ti gbẹ. Ilé Ọlọ́run tí mò ń gbá yẹn nìkan ló kù láàárín èmi àti òun. Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún yín."

Akíndúró dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ìpẹ́ ẹja. Àwọn ará ilé yọjú.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Àbí ẹ tún fẹ́ kí àwọn èyí pàtẹ́wọ́?"

Ó dìde, ojú tì í. "Màá sọ fún ìjọ pé iṣẹ́ yín ni."

"Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ dárúkọ mi níbẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́ láé. Ẹ ṣáà fi ìgbálẹ̀ mi sílẹ̀ fún mi."

"Wọ́n á ní ó ti sú mi. Wọ́n á ní ojú ayé ni mo ń ṣe."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ fẹ́ rẹ ara yín sílẹ̀? Ó yá."

Sátidé tó tẹ̀lé e, Akíndúró jókòó sílé, kò rójú jẹun. Lọ́jọ́ kejì ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ tónítóní. Mojọlá wà lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn.

Sátidé mẹ́ta kọjá. Ìpàdé ẹgbẹ́ ọkùnrin dé, lẹ́yìn ìsìn. Dúrótoyè télọ̀, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Oga Customs, broom don tire you?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Àṣé fàyàwọ́ ni ìrẹ̀lẹ̀ ọ̀hún!" ni ẹlòmíràn wí. Ẹ̀rín tún ga sí i.

Olúbọ̀dé kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá, orúkọ yín ni mo fẹ́ fà kalẹ̀ lónìí fún ipò igbákejì mi. Kí ni kí n wá wí báyìí? Ẹ ṣàlàyé fún wa."

Kò sẹ́ni tó béèrè ta ló ń gbálẹ̀.

Àlàyé náà ti dé orí ahọ́n Akíndúró. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, gbogbo wọn á sì dákẹ́. Ó gbé e mì. Bó ti gbé e mì, ohun kan nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yìn ín: o káre, ta ló lè dákẹ́ bíi tìrẹ? Adùn àtẹ́wọ́ ọjọ́sí gan-an ló bá nínú rẹ̀. Ẹ̀rù bà á. Kò mọ ibi tí ènìyàn lè gbé ọkàn yìí sí tí kò ní rí ìyìn jẹ.

"Mi ò ní àlàyé, Bàbá," ni ó wí.

Ó mú fìlà rẹ̀, ó dìde, ó jáde.