Kọ́tíìnì Ló Kọ́kọ́ Dé

Kò sí ẹni tó mọ Olópòó tí kò mọ ìtàn kọ́tíìnì. Kódà, àwọn tí kò fojú kan ọkùnrin náà rí a máa sọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n jókòó nínú yàrá náà níjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Onílé tuntun ló wá kí Olópòó àti ìdílé rẹ̀ káàbọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé. Ó yọjú sí yàrá àwọn ọmọ, ó rí bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, ó rí pákó tí wọ́n ń to ìwé sí, ó sì rí kọ́tíìnì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ta sára ògiri ọwọ́ ọ̀tún. Ó dúró. Ó jáde lọ sẹ́yìn ilé, ó yí ilé po, ó padà wọlé, ó tún jáde. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ilé náà, ó sì dá a lójú pé òun ò fi fèrèsé sí ògiri yẹn. Nígbà tó yí i po lẹ́ẹ̀kẹta, ó ká kọ́tíìnì náà sókè. Ògiri gbalaja ló bá níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "fèrèsé wo lẹ ta kọ́tíìnì sí?"

Olópòó ò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ìṣó ló ń kàn. "Fèrèsé náà wà nílé tá a ti ń bọ̀. Kọ́tíìnì ló kọ́kọ́ dé."

"Ṣé fèrèsé ń bọ̀ ni?"

"Ẹ ṣáà gbà á láyè tó bá dé."

Onílé lọ sílé, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àìrìn jìnnà ni kì í jẹ́ kéèyàn rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, òun ò rìn jìnnà rárá, òun ti rí i nínú ilé òun.

Kékeré, àbíkẹ́yìn Olópòó, wà níbẹ̀ níjọ́ náà. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, orí bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ kọ́tíìnì ló jókòó sí, kò sì rí ohun tó pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Tirẹ̀ ni kọ́tíìnì. Nítorí tirẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ òpó iná ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò, tí wọ́n ń ri òpó mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fa wáyà láti ìlú kan dé ìkejì. Bí wáyà bá ti ń lọ níwájú, ìdílé rẹ̀ á máa kó tẹ̀ lé e. Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ ayé: gbogbo ìlú tí wọ́n bá dé, òkùnkùn ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Wọ́n á tan àtùpà, wọ́n á máa retí iná bíi gbogbo ará àdúgbò. Ọjọ́ tí gílóòbù bá wá tàn, tí tọmọdé tàgbà ń pariwo ayọ̀, lọ́rì á ti dúró níwájú ilé wọn. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé nínú gbogbo ìyàwó oníná tó wà láyé, òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gé òwú àtùpà.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Ẹ̀gbọ́n ni àkọ́bí, obìnrin tó ti gbà látìgbà tó ti dé ọmọ ọdún mẹ́jọ pé òun ni igbákejì ìyá òun. Ọmọkùnrin ló tẹ̀ lé e. Lọ́yà ni gbogbo wọn ń pè é, torí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan tán bí kò bá tíì rò ó dé gbòǹgbò. Àwọn méjèèjì yìí ò níṣòro, ibi tí oorun bá ká wọn mọ́ ni wọ́n ń sùn sí. Kékeré ni kíkó kiri yẹn ò bá lára mu. Bó bá jí láàárọ̀, tí ojú rẹ̀ ò tíì dá, ibi tí ilẹ̀kùn wà nílé tí wọ́n ti kó kúrò ló máa ń forí lé. Ògiri ló sì máa ń pàdé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé ilé kẹta, iwájú orí rẹ̀ ti wú, ó sì ti ń sá fún oorun. Á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, á máa bi í pé, "Ilẹ̀kùn dà?" Ọmọ náà rù. Kò ṣeré mọ́.

Ìyá wọn ò lè wò ó mọ́. "Bàbá wọn, ẹ gbọ́ o. Ilé tá à ń kó lọ yìí, bí ọmọ yìí bá tún forí gbá ògiri, ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mò ń gbé e lọ. Ibẹ̀ ló máa dàgbà sí. Ilé ìyá mi ò kúrò lójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi."

"Ọmọ mẹ́ta ni mo bí," Olópòó dá a lóhùn. "Yàrá kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa sùn."

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Mo ti mọ bí màá ṣe ṣe é." Irọ́ ni. Kò mọ nǹkan kan.

Kékeré gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, lẹ́yìn tó ti rí ilẹ̀kùn náà tán.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Olópòó fi ronú. Bí èèyàn bá lè ri ogún òpó mọ́lẹ̀ kí wọ́n tò gbọnrangandan, kí ló dé tí yàrá kan ṣoṣo á fi máa sá kiri? Ó mú okùn iṣẹ́ rẹ̀ kan, ó wọn yàrá tí wọ́n wà láti igun dé igun. Ó so àkísà pupa mọ́ ibi ilẹ̀kùn, ó so funfun mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan dé, ó so aláwọ̀ ewé mọ́ ibi fèrèsé. Ó ní kí káfíńtà kan bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta tó ṣeé tú, ó fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan. Ó wá pe àwọn ọmọ jọ. Ó ní láti òní lọ, ilé ló ń yí padà o, yàrá ò ní í yí padà mọ́, kí kálukú sọ ohun tó fẹ́ nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnu ọ̀nà, kí òun lè máa ṣọ́ àwọn yòókù. Lọ́yà ní òun fẹ́ ààlà.

"Ààlà wo?"

"Kí ẹnikẹ́ni má gbẹ́sẹ̀ dé apá tèmi."

Olópòó fi ṣọ́ọ̀kì fa ààlà. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán, Lọ́yà ti fi ẹsẹ̀ nù ún, ó ti fa òmíràn síwájú, Ẹ̀gbọ́n sì ti ń fẹjọ́ sùn. Bàbá wọn so àkísà dúdú mọ́ okùn fún ààlà, ó ní ẹjọ́ ti parí, kò sí kòtẹ́milọ́rùn.

"Ìwọ ńkọ́?" ó bi Kékeré.

"Fèrèsé. Kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi bí mo bá jí."

"Ṣé kò tún sí nǹkan míì?"

"Kí wọ́n má gbé mi lọ sọ́dọ̀ Màmá àgbà."

Olópòó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní eruku ṣọ́ọ̀kì ló kó sóun lójú.

Bí wíwá ilé ṣe di ìran wíwò nìyẹn. Àwọn ayálégbé yòókù a máa ṣàròyé pé yàrá kéré. Olópòó ní tirẹ̀ á ta okùn, á mirí, á ní, "Ó tóbi jù."

"Ó tóbi jù kẹ̀?" onílé kan kígbe.

"Ẹsẹ̀ bàtà méjì ló fi lé. Ẹ bá mi sún ògiri yẹn wá síbí."

"Kí n sún ògiri?"

"Díẹ̀ ni."

Onílé yẹn lé e títí dé títì. Àwọn ará iṣẹ́ rẹ̀ ní ṣé kò mọ̀ pé wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ ni. Ó ní òun mọ̀, àmọ́ ní tòun, ọmọ lòun ń wò kóun tó gbalé. Nígbà tó yá, ó rí ilé kan tí yàrá rẹ̀ bá okùn mu régí, ó sì kó wọn wọ̀ ọ́. Ìyá wọn wọlé, ó yẹ ibi gbogbo wò, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò.

"Bàbá wọn, kíṣìnì dà?"

"Ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ wà lọ́wọ́ òsì, bó ṣe yẹ kó wà gẹ́lẹ́."

"Kíṣìnì ni mo béèrè o."

"Bẹ́ẹ̀dì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọlé."

Ilé náà ò ní kíṣìnì. Kò sì ní fèrèsé lápá ọ̀tún yàrá yẹn, ìyẹn ni kọ́tíìnì ṣe dé ara ògiri, tí onílé fi ń yí ilé po.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Olópòó ò lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi bàtà rẹ̀ méjèèjì sọ́wọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má bàa dún. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé báàgì kékeré kan lọ́wọ́, aṣọ Kékeré ló ti kó sínú ẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ nílẹ̀, pẹ̀, pẹ̀, pẹ̀. Olópòó dijú, ó ń retí kí orí ọmọ gbá ògiri. Ilẹ̀kùn ló ṣí. Kékeré jáde, ó ń fọwọ́ nu ojú, ó sì gba àárín àwọn méjèèjì kọjá.

"Ebi ń pa mí," ó ní.

Olópòó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ kó aṣọ jáde nínú báàgì, ó gé búrẹ́dì fún ọmọ, ó sì lọ dáná níta gbangba nínú oòrùn. Ọdún kan àtààbọ̀ ló fi dáná níta níbẹ̀, kò sì fi ẹnu kan kíṣìnì mọ́.

Ilé márùn-ún ni wọ́n tún gbé lẹ́yìn ìyẹn. Okùn náà di ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ó ń sùn lábẹ́ ìrọ̀rí Olópòó. Àfi ọjọ́ kan tí ìyá wọn ò rí ibi sá aṣọ sí, tó sì sá a sórí okùn náà. Aṣọ tútù mú okùn fà. Nígbà tí wọ́n dé ilé tó tẹ̀ lé e, Olópòó wọn àwọn bẹ́ẹ̀dì, ó sì bá wọn ní kúkúrú. Ó ní ooru inú lọ́rì ló mú kí wọ́n súnkì. Ó lọ bá káfíńtà ìlú náà jà, ẹni tí kò rí bẹ́ẹ̀dì yẹn rí. Ọjọ́ kẹta ni Lọ́yà tó ro ẹjọ́ náà pé pákó kì í súnkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lára bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta, kí wọ́n lọ fọ̀rọ̀ wá okùn lẹ́nu wò. Wọ́n fi bẹ́ẹ̀dì wọ̀n ọ́n, wọ́n sì tún àwọn àkísà rẹ̀ so. Ìyá wọn ò sọ nǹkan kan. Ọdún mẹ́wàá kọjá kó tó jẹ́wọ́, nígbà yẹn náà, ó kọ́kọ́ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá wọn ló kọ́kọ́ lọ sọ́run. Olópòó ti darúgbó, àwọn ọmọ ti ní ilé tiwọn ní ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, bàbá wọn á máa lo oṣù mẹ́rin mẹ́rin lọ́dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ó tún di ẹni tó ń kó kiri. Ìgbàgbé sì dé. Ọkùnrin tó lè sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàárín òpó méjì nílùú tó ti kúrò lógún ọdún sẹ́yìn ò rántí ibi ilẹ̀kùn mọ́. Ó ń jí láàárọ̀, ó ń rìn lọ bá ògiri. Nígbà tó fi máa dé ilé Kékeré, iwájú orí rẹ̀ ti wú, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

"Ilẹ̀kùn dà?" ó bi í.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pàdé. Ẹ̀gbọ́n ní dókítà ti sọ pé kí wọ́n fi Bàbá sójú kan. Lọ́yà ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan wà tó mọ́ tónítóní, òun ti lọ wò ó. Ó rò ó dáadáa. Kékeré gbọ́ ọ tán.

"Ọmọ mẹ́ta ló bí," ó ní. "Okùn dà?"

Ìsàlẹ̀ àpótí ni wọ́n ti bá a, gbogbo àkísà rẹ̀ ti ṣá, pupa ò yàtọ̀ sí funfun mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n mọ kókó ilẹ̀kùn. Ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ta okùn náà sí. Wọ́n fi pákó gé yàrá tó tóbi kù, Lọ́yà ṣe é láìbéèrè ìdí. Ní ilé Kékeré, ògiri lásán ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó tú kọ́tíìnì àtijọ́ jáde, ó kàn án mọ́ ọn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àgbàlagbà mẹ́ta tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàtà lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀dì dún. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń wọ́. Ẹ̀gbọ́n dijú. Ilẹ̀kùn ṣí, Olópòó jáde, ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti bàtà ọwọ́ wọn.

"Ebi ń pa mí," ó ní. "Ta ló sì kó yín sẹ́nu ọ̀nà?"

Kékeré ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rín àti ẹkún pa pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ìgbà tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, ọmọ ọdún márùn-ún ni.

Nígbà tí bàbá jẹun tán, ó padà síbi bẹ́ẹ̀dì, ó tẹjú mọ́ ògiri. Ó ká kọ́tíìnì sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ta ló ta kọ́tíìnì síbi tí kò sí fèrèsé? Ṣé orí onítọ̀hún pé báyìí?"

"Fèrèsé náà wà nílé tá a ti ń bọ̀, Bàbá. Kọ́tíìnì ló kọ́kọ́ dé."

Olópòó fọwọ́ pa kọ́tíìnì náà lára. "Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀," ó ní, "ọlọ́gbọ́n èèyàn ni."

Ọdún méjì ló tún fi yí ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta po, kò sì forí gbá ògiri mọ́. Ilé Kékeré ló wà láàárọ̀ ọjọ́ tí kò jí mọ́, ó dojú kọ kọ́tíìnì, ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tó mọ ibi tó wà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí yàrá náà, kálukú lórí ibi tí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀ máa ń wà látijọ́. Lọ́yà wo ibi tí ààlà rẹ̀ máa ń wà nílẹ̀.

"Ibi tí Bàbá lọ yìí," ó ní, "ṣé á rí ọ̀nà?"

"Á ti wọ̀n ọ́n tán báyìí," Kékeré dáhùn. "Á ti sọ fún wọn pé ó tóbi jù."

Ẹ̀rín yẹn ò tètè tán. Nígbà tó tán, Ẹ̀gbọ́n ká okùn jọ, Kékeré sì dìde, ó tún etí kọ́tíìnì tò kó lè tẹ́jú, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.