Fọ́ọ̀mù Ọmọ Ìyá Ìsopọ̀

Obìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ìsopọ̀. Kì í ṣe pé ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Ìsopọ̀ o, iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ́fíìsì kan ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti máa ń fa ọ̀dọ́ lé àgbàlagbà kan lọ́wọ́ pé kó máa tọ́ ọ sọ́nà, kí àwọn méjèèjì máa jókòó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lọ́sẹ̀. Òun ló ń yẹ fọ́ọ̀mù ọmọ àti fọ́ọ̀mù àgbà wò, tí yóò ní, "Èyí yẹ èyí," tí yóò sì fọwọ́ sí i. Ó mọ iṣẹ́ yẹn dójú àmì. Ẹni méjì tó bá so pọ̀, wọn kì í tètè tú.

Nítorí iṣẹ́ yìí ni òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe kó wá sílé tuntun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Inú ọkọ̀ ojú omi ni bàbá ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fojú kàn án. Yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n gbà, pẹ̀lú ilé ìdáná tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í pa dé àfi téèyàn bá fi ìdí tì í. Oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n kó dé, páálí ṣì wà nílẹ̀ káàkiri. Ìyá á jáde láàárọ̀, á wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, á ní, "Lọ́la la máa tú páálí yẹn." Ọ̀la á dé, páálí ò ní kúrò níbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni télọ̀ kan ń gbé, Àǹtí Télọ̀ ni gbogbo ilé ń pè é. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ṣùgbọ́n ó lẹ́nu, ó sì mọ èèyàn gbà lálejò. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n kó dé ni ọmọ sọ̀ kalẹ̀ lọ yá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ló lọ yá, àfi bíi pé ara rẹ̀ ló fi dógò. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ti ilé ìwé dé, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ni kẹ́ ẹ ti lọ wá a.

Ibẹ̀ ni owú ti wọlé. Ìyá á ti ibi iṣẹ́ dé, òkè á pa lọ́lọ́, á wá máa gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọ tó jẹ́ pé "bẹ́ẹ̀ ni, mà" àti "rárá, mà" ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ!

"Kí lẹ máa ń sọ níbẹ̀ tó pọ̀ tó yẹn?"

"Kò sí nǹkan, Màámi."

"Kò sí nǹkan, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́?"

"Ọ̀rọ̀ lásán ni, mà."

Ọ̀rọ̀ lásán! Ọ̀rọ̀ lásán tí wọn ò sọ fún òun rí! Ìyá Ìsopọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú dáhùn ìkíni Àǹtí Télọ̀. Nígbà tí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ya, ó gbé e kọjá lẹ́nu ọ̀nà obìnrin náà gbáú, ó gbé e lọ fún télọ̀ mìíràn ní àdúgbò kejì. Ìyẹn gé e ní wọ́gọwọ̀gọ, apá kan gùn ju èkejì lọ. Ó wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí lẹnikẹ́ni fẹ́ fi òun ṣe?

Ọjọ́ Ajé kan ni fọ́ọ̀mù méjì bá a lórí tábìlì. Àǹtí Télọ̀ ló kọ àkọ́kọ́, ó ní òun náà fẹ́ máa tọ́ ọ̀dọ́ sọ́nà. Èkejì wá láti ilé ìwé tó wà nítòsí. Nígbà tí Ìyá Ìsopọ̀ rí orúkọ tó wà lórí rẹ̀, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wò. Ọmọ tirẹ̀ ni. Níbi tí wọ́n ti bèèrè pé ta lo fẹ́ ká so ẹ́ pọ̀ mọ́, ó kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀: "Àǹtí Télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa."

Háà! Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ta ló ní kí wọ́n gbé èkù ọ̀hún fún télọ̀? Ojú tì í, inú bí i, owú wá gbé méjèèjì mì. Kò tiẹ̀ ṣí ojú ewé kejì. Ó ti fọ́ọ̀mù ọmọ náà bọ abẹ́ gbogbo ìwé tó wà nínú dúrọ́ọ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ tì í.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ bèèrè pé, "Màámi, ṣé fọ́ọ̀mù ilé ìwé wa ti dé ọ́fíìsì yín?"

"Kò tíì dé," ni ìyá wí. Irọ́ gbuu! Ọmọ ò bèèrè mọ́.

Ṣùgbọ́n òfin wà lọ́fíìsì náà, Ìyá Ìsopọ̀ fúnra rẹ̀ ló ṣe é: fọ́ọ̀mù kankan ò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ. Lọ́jọ́ kẹrìnlá, ọ̀dọ́kùnrin akọ̀wé ka fọ́ọ̀mù, ó rí i pé ọ̀kan dín. Ó wá a títí, kò rí i. Nígbà tó yá, Ìyá Ìsopọ̀ tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ pòṣé, ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó yọ ọ́ fún un.

Akọ̀wé wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi òbí léèrè ọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó lè bi ara rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Ó yá, bèèrè."

"Kí ló máa ń ba ọmọ yín lẹ́rù?"

"Ajá."

Akọ̀wé wo ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wúkọ́. "Ó ní kí òun nìkan wà nílé tuntun yín ni, mà. Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́?"

"Ọmọ ẹni tí a jọ gbélé níbi tí a ti kó wá. Wọn kì í ya ara wọn."

"Ó ní àwọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí ẹ ti kó, mà." Òógùn ti bo akọ̀wé. "Kí nìdí tó fi fẹ́ ẹni tí yóò tọ́ ọ sọ́nà?"

"Obìnrin yẹn ló fi ẹnu dídùn gba ọmọ mọ́ mi lọ́wọ́! Kọ ọ́ síbẹ̀!"

Akọ̀wé ò kọ nǹkan kan. Ó ṣí ojú ewé kejì, ó kà á sínú, ó wá rọra tì í sí iwájú rẹ̀. Ohun tí ọmọ kọ síbẹ̀ nìyí: "Màmá mi ní ohùn kan tí wọ́n fi máa ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sí ọ́fíìsì wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n á ní, 'Mo wà níbí, ọmọ mi, má kánjú.' Tí wọ́n bá gbé fóònù sílẹ̀, ohùn yẹn á tán. Èmi náà fẹ́ kẹ́nì kan máa fi irú ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀."

Ìyá Ìsopọ̀ kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí tó fi ń jowú télọ̀, ọmọ rẹ̀ ń jowú ọmọ ọlọ́mọ, òun ò sì mọ̀. Ó sunkún díẹ̀, akọ̀wé ń wo àjà. Lẹ́yìn náà, ó so fọ́ọ̀mù méjèèjì pọ̀, ó sì fọwọ́ sí i.

Ó tètè délé lọ́jọ́ náà. "Mo ti fọwọ́ sí i," ló sọ fún ọmọ. "Ìwọ àti Àǹtí Télọ̀. Sátidé, aago mẹ́rin."

Ọmọ fò sókè. Ìyá ti na apá pé á fò mọ́ òun, àfi gbìrìgbìrì, ó ti sáré lọ sísàlẹ̀ lọ sọ fún Àǹtí Télọ̀! Ariwo ayọ̀ sọ níbẹ̀. Owú náà gún ìyá lọ́kàn bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un. Kí n má parọ́, owú náà ò lọ rárá. Ó jókòó sórí páálí kan, ó ń retí.

Nígbà tí ọmọ gòkè padà, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìyá fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ lórí páálí pé kó jókòó. Ó wúkọ́. "Mo wà níbí, ọmọ mi," ló wí. "Má kánjú."

Ọmọ wò ó títí, ó wá mọ̀ pé ìyá òun ti ka ojú ewé kejì. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jókòó.

"Bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ máa ń sọ ọ́ fún wọn, Màámi," ló wí. "Ẹ tún un sọ."

Ìyá rẹ̀ tún un sọ.